Ẹ̀rọ Mọ Owó Tó Wọlé, Kò Mọ Ẹni Tó Jẹ Wá

Àwọn tó ń ṣe áàpù tí í bá oníṣòwò ṣírò owó kò jìnnà sí wa rárá. Co-Creation Hub, níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti rí àyè jókòó, ti wà ní Yaba láti 2011. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá lè rìn láti ibẹ̀ dé ọjà Tejúoṣó. Ọjà Ojúwoyè ní Mushin náà kò jìnnà. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń yà mí lẹ́nu bí mo bá ṣí áàpù kan tó jọ pé ẹni tó ṣe é kò ra kóńgò gààrì kan láwìn rí láyé rẹ̀. Iṣẹ́ ìṣirò tó yẹ ká gbé fún ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré pọ̀. Àríwísí mi ni pé àwọn áàpù tí mo ti lò gba iṣẹ́ kan tí kò yẹ kí ẹ̀rọ ṣe mọ́ra, wọ́n sì fi òmíràn tó ṣe pàtàkì gan-an sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án.

Kí ẹ lè mọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀: Màámi ń ta gààrì, ìrẹsì, òróró, mílíìkì àti ọṣẹ ní Surulere, lẹ́bàá Lawanson. Láti ìgbà tí mo wà ní JSS2 ni mo ti ń bá wọn kọ ìwé ọjà. Ní báyìí tí mo ti dé SS2, mo ń kọ́ Accounting níléèwé, nítorí náà ojú méjì ni mo fi ń wo ìwé náà. Áàpù méjì ni a ti gbìyànjú lórí fóònù wọn. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí ohun tí mo rí nínú ọ̀kan ni mo rí nínú èkejì.

Ṣáájú 2023, inú àpótí onípákó ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó wa ń bọ́ sí. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ kéde pé àwọn máa pààrọ̀ owó igba, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún kan náírà. Wọ́n ní kí a ti dá ti àtijọ́ padà kó tó di ìparí oṣù kìíní 2023, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Gbogbo ẹni tó wà ní Èkó nígbà yẹn mọ bó ṣe rí. Owó àtijọ́ ti wọ báńkì, tuntun kò jáde, àwọn èèyàn ń tò sídìí ATM láti ìdájí, owó sì di ọjà tí a ń fi owó rà lọ́wọ́ àwọn oní-P.O.S. Kó tó di ọjọ́ 3 oṣù kẹta tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́, àwọn tó ń ta ẹ̀wà sísè pàápàá ti kọ nọ́ńbà akáǹtì wọn sára páálí. Owó padà dé, ṣùgbọ́n páálí náà kò kúrò.

Láti ìgbà náà ni ìṣirò ti yí padà ní ṣọ́ọ̀bù wa. Owó inú àpótí kò ní wàhálà púpọ̀. A kà á lálẹ́, ó parí. Tìràńsífà máa ń gbé orúkọ wọlé, orúkọ náà kì í sì í sábà jẹ́ ti ẹni tó dúró níwájú àtẹ. Ìyá àgbà kan wà ní àdúgbò wa tó jẹ́ pé ọmọ wọn tó wà ní Port Harcourt ló ń sanwó ohun tí wọ́n bá rà. Bí àlẹ́ẹ̀tì bá dé, orúkọ ìyàwó ọmọ náà ló máa ń wà lára rẹ̀. Màámi á kàn ní, “Ti Ìyá àgbà ti wọlé.” Ẹ̀rọ kò lè mọ ìyẹn láéláé, àfi bí ẹnì kan bá sọ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n yin ẹ̀rọ níbi tí ìyìn ti tọ́ sí i. Nígbà tí tìràńsífà bẹ̀rẹ̀, fóònù Màámi nìkan ni àlẹ́ẹ̀tì ń wọ̀. Bí wọ́n bá lọ ra ọjà, tí èmi nìkan wà ní ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà á sanwó tán, á na fóònù tirẹ̀ sí mi pé kí n wò ó, ó ti lọ. Àwọn gbájú-ẹ̀ sì ti kọ́ bí a ṣe ń ṣe àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú, nítorí náà n kò lè gbà á gbọ́. Mo ní láti pe Màámi, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á má lọ, oníbàárà á máa kùn pé ṣé olè lòun ni. Ní báyìí, ẹ̀rọ P.O.S. tó wà lórí tábìlì máa ń fi owó tó wọlé hàn lójú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró ti ọjà lè rí i láìmọ nọ́ńbà àṣírí Màámi, kò sì lè mú kọ́bọ̀ kúrò níbẹ̀. Bákan náà, owó táṣẹ́rẹ́ tó ń jò lọ láìjẹ́ pé a mọ̀, ẹ̀rọ ń kà á: owó tí P.O.S. ń yọ, àti 50 náírà tí ìjọba ń gbà lórí tìràńsífà tó bá tó 10,000 náírà. Nínú ìwé tí a ń fọwọ́ kọ, a kì í rántí irú rẹ̀. Nígbà tí áàpù kọ́kọ́ ro oṣù kan pọ̀ fún wa, Màámi ní, “Háà, èrè orí àpò gààrì kan nìyẹn!”

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ níbi tí áàpù ti fẹ́ sọ fún wa bí ọjà ṣe tà sí.

Ẹ wo Sátidé kan tí mo ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀. Áàpù ní ọjà tí a tà lọ́jọ́ náà jẹ́ 46,500 náírà, ó sì ya ìlà aláwọ̀ ewé kan tó ń gòkè. Mo mú ìwé mi jáde. Nínú 46,500 yẹn, 20,000 ni àbúrò Màámi fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn fún owó ìwé àbúrò mi obìnrin. 6,000 jẹ́ gbèsè tí ẹnì kan san, lórí ọjà tó ti gbé lọ láti oṣù tó kọjá. Ó ku 20,500 tó jẹ́ owó ọjà ọjọ́ náà ní tòótọ́. Nínú àpótí, a bá 11,200. Áàpù kò mọ̀ nípa rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ráyè tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù nígbà tí èrò pọ̀. Ọjà tó jáde láwìn jẹ́ 4,800. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọjà tí a tà jẹ́ 36,500. Ẹ̀rọ fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lé e. Kò ṣi kọ́bọ̀ kan kà o. Owó tó wọlé ló kà, ó wá pè é ní ọjà tí a tà.

Ohun tí wọ́n sì ń kọ́ wa ní kíláàsì pé kí a má ṣe gan-an nìyẹn. Ní 1494 ni Luca Pacioli, ará Ítálì, tẹ ìwé kan jáde ní Venice tó ṣàlàyé bí àwọn oníṣòwò ìlú náà ṣe ń kọ owó: ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni kí a kọ ọ́, ibi tó ti kúrò àti ibi tó lọ. Bí ẹnì kan bá san gbèsè, owó ọwọ́ wa lè sí i, gbèsè tí wọ́n jẹ wá sì dín kù. Ọjà tí a tà lónìí kò yí padà. Ọ̀nà yìí ti lé ní ọdún 500. Áàpù tó bá pa á tì, kó lè rọrùn fún àwọn èèyàn ọjà, ń fojú kéré èèyàn ọjà ni. Màámi kò gbọ́ orúkọ Pacioli rí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìwé wọn yàtọ̀ sí iwájú rẹ̀: iwájú ni wọ́n ń kọ ọjà sí, ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ àwọn tó jẹ wọ́n sí, bí ẹnì kan bá sì ti san, wọ́n á fa ìlà sí tẹ̀yìn, wọn kò ní fọwọ́ kan tiwájú.

Ẹ ti rí páálí tí wọ́n máa ń kọ “Kò sí àwìn lónìí, ẹ padà wá lọ́la” sí. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa náà. Ẹ̀yìn páálí yẹn gan-an ni ìwé àwìn wà. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí irú nǹkan báyìí: “Bàbá télọ̀, súgà 1, di Fraidé.” “Ìyá aláàkàrà, òróró lítà 2, bí wọ́n bá tà tán.” “Ìyá ìbejì òkè, mílíìkì ọmọ 1, kò sí ọjọ́.” Kò sí orúkọ bàbá ẹnì kankan níbẹ̀ nítorí pé a kò mọ̀ ọ́n. Kò sí nọ́ńbà fóònù nítorí pé ojúlé kẹta ni wọ́n ń gbé. Áàpù kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ orúkọ àti nọ́ńbà, ó sì fẹ́ ọjọ́ tí wọ́n máa san án. Bí a kò bá fi ọjọ́ sí i, kò ní tẹ̀ síwájú. Mo fẹ́ kí ẹni tó ṣe é ronú sí “kò sí ọjọ́” yẹn. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì, tí ọkọ rẹ̀ ń wá iṣẹ́, Màámi ló fẹnu ara wọn sọ pé kò sí ọjọ́. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìpinnu ni, wọ́n sì ṣe é tọkàntọkàn.

Ọ̀kan nínú áàpù méjèèjì fi ohun tí ọjọ́ ń fà hàn wá. Ìyá aláàkàrà jẹ wá ní 7,400 náírà. Nítorí pé áàpù ń bèèrè ọjọ́ ṣáá, Màámi fi ìparí oṣù sí i. Kò síbi tó ti sọ fún wa pé òun á fúnra òun kọ̀wé sí ẹni tó jẹ wá. Ní agogo mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù náà, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ lédè Òyìnbó ránṣẹ́ sí wọn pẹ̀lú orúkọ ṣọ́ọ̀bù wa, pé ọjọ́ gbèsè wọn ti pé, kí wọ́n tètè san án. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n sin ọkọ wọn. Màámi ti lọ kí wọn, wọ́n ti gbé ìrẹsì lọ. Ọmọ wọn ló ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà fún wọn.

Wọn kò wá jà. Wọ́n rán ọmọ náà wá pẹ̀lú 7,400 pé pérépéré, tí wọ́n ká sínú ọ̀rá, a kò sì mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Màámi lọ bẹ̀ wọ́n. Ó ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ pé fóònù ló sọ ọ́, pé ẹni tó ni fóònù ń sùn lọ́wọ́. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń ra òróró ní òdìkejì títì kí wọ́n tó padà sọ́dọ̀ wa. Nínú áàpù, wọ́n fi àmì ewé sí i: gbèsè tí a gbà láṣeyọrí.

Ẹnì kan lè sọ pé gbígba gbèsè ti le láti ayé àwọn baba wa, kí n má ṣe dá ẹ̀rọ nìkan lẹ́bi. Òótọ́ ni. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú nígbà kan rí kì í fojú fo owó wọn. Wọ́n á wá, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n, wọ́n á ní àwọn kò dìde títí owó á fi jáde; ibẹ̀ ni orúkọ Òṣómàáàló ti wá. Ojú kò tì wọ́n rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ń rí ohun tó wà nínú ilé. Bí òkú bá wà nílẹ̀, ó rí i. Bí onígbèsè bá ń sọ pé kò sówó, tí òórùn ẹran díndín ń ti ilé ìdáná jáde, ó gbọ́ òórùn náà. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Àtẹ̀jíṣẹ́ agogo mẹ́fà kò ní ojú.

Mo ti ro ó títí, ìdí tí ẹ̀rọ fi ṣe dáadáa nídìí àjọ, tó wá kọsẹ̀ nídìí àwìn. Dídáwó pọ̀ ti pẹ́ láàárín wa; Samuel Johnson mẹ́nu ba èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Alájọ tó ń gbowó lọ́wọ́ Màámi ní káàdì olójú 31. Iye kan náà ni lójoojúmọ́, wọ́n á fàmì sí ojú kan, owó ọjọ́ kan sì jẹ́ ti alájọ bí oṣù bá parí. Ní ìparí 2015, obìnrin kan fi àwòrán kóló onípákó sórí Twitter pé 1,000 náírà lòun ń jù sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ ọdún náà. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Èkó rí i, wọ́n ronú pé fóònù lè ṣe irú iṣẹ́ kóló yẹn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ Piggybank ní 2016, èyí tó ń jẹ́ PiggyVest báyìí. Iṣẹ́ náà bá ẹ̀rọ mu nítorí pé iye kan náà ni, wákàtí kan náà, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ pinnu. Kí fóònù tó dé, alájọ àti káàdì rẹ̀ ti ń ṣe bí ẹ̀rọ. Àwìn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì lè jẹ wá ní iye kan náà láti ọjọ́ kan náà, kí ọ̀kan yẹ ní ẹni tí a ó dá lóhùn gan-an, kí èkejì sì yẹ ní ẹni tí a ó fi mílíìkì kún ti tẹ́lẹ̀ fún.

Bí ó bá jẹ́ àṣìṣe inú àwòrán aláwọ̀ ewé nìkan ni, n kò bá má kọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ń ka ìṣirò náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tí a ti ń lo èkejì nínú àwọn áàpù náà, wọ́n fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé Màámi lè yá 300,000 náírà, nítorí pé “ọjà wọn ń tà dáadáa”. Nínú ọjà tó ń tà dáadáa yẹn ni owó ìwé àbúrò mi wà, àti gbèsè tí àwọn èèyàn san, àti owó ẹgbẹ́ tí Màámi bá wọn tọ́jú fún ọjọ́ méjì. Wọ́n kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Èwo ni tèmi nínú ẹ̀?” Wọn kò yá a. Ẹni tí kò bá ní ìwé àwìn lẹ́yìn páálí lè gbà á gbọ́, kí ó sì fi èrè tí kò sí san èlé tó wà.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà fóònù náà kò kéré. Àwọn ayánilówó orí fóònù kan ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ dójú ti onígbèsè lójú àwọn tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù rẹ̀, débi pé FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, gbé ìlànà jáde fún wọn ní 2022. Ẹni tó bá rántí ìyẹn yóò mọ ìdí tí ojú bàbá télọ̀ fi yí padà nígbà tí mo ní kí wọ́n fún mi ní nọ́ńbà wọn nítorí súgà kan.

Bí ẹnì kan ní Yaba bá ń ka èyí, ohun tí mo ń fẹ́ kò tó nǹkan láti ṣe. Nígbà tí owó bá wọlé, kí áàpù bi wá ní ìbéèrè kan ṣoṣo kó tó kà á: ṣé ọjà ni, ṣé gbèsè ni, àbí owó ilé? Kí ó bi wá ní Yorùbá, kí a sì lè fi ẹnu dáhùn, nítorí pé ọwọ́ tó ń wọn òróró kò ṣeé fi tẹ fóònù. Kí ó jẹ́ kí “Ìyá aláàkàrà” tó ní orúkọ, kí “kò sí ọjọ́” sì tó ní ọjọ́. Bí ó bá fẹ́ rán ẹnì kan létí gbèsè, kí ó rán Màámi létí, kí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ àti ìgbà tí wọ́n máa sọ ọ́. Olùkọ́ wa kan ní bí ẹ̀rọ bá ń bèèrè ìbéèrè, kò tíì dá ṣiṣẹ́ nìyẹn. N kò gbà. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ń bèèrè ni mo máa ń fọkàn tán.

Bí a ṣe ń ṣe é lọ́wọ́lọ́wọ́ nìyí. Fóònù ń to tìràńsífà àti gbogbo owó tí wọ́n bá yọ, a sì ti pa ibi tó ń kọ̀wé sí onígbèsè. Ní alẹ́ Sunday, mo máa ń jókòó ti Màámi, mo ń ka orúkọ inú àlẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì sọ èyí tó jẹ́ ọjà àti èyí tí kì í ṣe ọjà. Ogójì ìṣẹ́jú ni ó ń gbà wá. Kí ẹ̀rọ tó bá wa tò ó, ó ń tó wákàtí méjì. Bí mo bá dé orí àwọn tó jẹ wá, mo máa ń dá bírò dúró. Wọ́n á wo òkè àjà díẹ̀. “Ìyẹn, fi í sílẹ̀ ná.” “Bàbá télọ̀? Wọ́n ti gba iṣẹ́ aṣọ ẹbí, máa bá wọn sọ ọ́ lọ́la.”